Espresso: ẹ di 18 àti 36 mú ná, kẹ́ ẹ tó máa dán nǹkan wò

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ espresso (kọfí kíki inú ife kékeré), ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì máa yí nǹkan kiri. Kọfí lílọ̀ gíráàmù 18 wọlé, olómi gíráàmù 36 jáde, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30 látìgbà tẹ́ ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì. Síkéèlì ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ojú ń tan èèyàn jẹ, torí ìhó máa ń jẹ́ kí ife dà bíi pé ó ti kún.

Kí ẹ̀rọ gbóná tó 20 ìṣẹ́jú, kí portafilter (ọwọ́ irin tó ń gbé asẹ́ kọfí) wà lẹ́nu rẹ̀. Irin tútù á gba ooru omi, kọfí á sì kan.

Lílọ̀ ló le jù. Ẹ fi ìka méjì ra á wò: ó gbọ́dọ̀ kúnná ju iyọ̀ lọ, síbẹ̀ kó má dà bí èlùbọ́. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà kúnná tó, omi á kàn ya kọjá ni.

Àlàbí, Houston: Ẹ ṣé, ìyá wa. Tó bá kan ńkọ́, ká fi kọfí kún un?

Ìyá Ìbejì: Rárá o. 18 ò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ wo aago. Tí 36 bá pé ní ìṣẹ́jú àáyá 15, omi ti sáré jù, kò ráyè fa adùn jáde. Ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná sí i. Tó bá ń kán tótó dé 45, tó korò bí ewúro, ó ti kúnná jù nìyẹn. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan! Tẹ́ ẹ bá yí lílọ̀, ìwọ̀n àti ooru pa pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá yí bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ̀ ọ́ padà, ẹ da gíráàmù 3 sí 4 àkọ́kọ́ nù. Ti tẹ́lẹ̀ ṣì há sí i lẹ́nu.

Àrẹ̀mú, Dublin: Ẹ jẹ́ kí n fi ti títẹ kọfí mọ́ inú asẹ́ kún un, mà. Kó tẹ́jú ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe agbára ọwọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tú èyí tó ṣù nínú asẹ́, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tí apá kan bá fẹ́lẹ́, ibẹ̀ lomi á gbà. Ẹ wo ìdí asẹ́: tó bá ń ta sára ife, omi ti lu ihò síbì kan. Irú kọfí bẹ́ẹ̀ á kan, á tún korò.

Àlàbí: Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí Bódìjà.

Àrẹ̀mú: Ẹ̀gbọ́n, volt 120 ni ti Amẹ́ríkà, iná Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ẹ̀, 230. Láìsí transformer, ó jó nìyẹn. Ti UK ló rọrùn jù, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ bá ti ilé mu. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ wáàtì tó lé ní 1,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e. Kí wọ́n má fi omi kànga sí i, torí ẹfun inú omi á dì sínú páìpù. Irú kọfí tó ń jẹ́ robusta ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa, ó sì máa ń korò ju arabica, irú kejì, lọ. Tó bá jẹ́ òun ni wọ́n rà, kí ooru omi wà ní 90°C, kì í ṣe 96.