Ọjọ́ tí mo sunkún ọkọ́ lórí ìtàgé

Sópúránò ni mí nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Òṣogbo, ó ti lé lọ́dún méjìlá. Ẹ ṣáà fún mi ní sólífà orin, kí ẹ wá gbọ́ ohùn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi janpata nígbà tí àwọn ará àdúgbò wa ní àwọn fẹ́ ṣe eré olórin, tí wọ́n ní kí n wá ṣe ìyàwó jagunjagun tó kú sójú ogun. Ṣebí orin náà ni.

Inú ọ̀gá akọrin wa kò dùn sí i. Ó ní ta ló máa gbọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ òun ń kọrin sí bàtá? Nígbà tí mo ròyìn fún tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń darí eré wa, ẹ̀rín ló rín. Ó ní ìlú yìí kan náà ni Dúró Ládípọ̀, tóun náà ṣe tíṣà, ti gbé kàntátà Àjíǹde kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní 1961, tó mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ fajú ro. Ọdún kejì ló dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òṣèré, sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1964, ó ti gbé eré rẹ̀, Ọba Kò So, dé Berlin. "Ìwọ ṣì ń bẹ̀rù ọ̀gá akọrin." Mo dákẹ́.

Kíláàsì ilé ìwé kan la ti ń ṣe ríhásà, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ijó kò yọ mí lẹ́nu. Orin tí mo máa fi dárò ọkọ mi ló dà mí láàmú. Bíi hímù ni mo ṣe ń kọ ọ́, mo máa gbé ohùn sókè níbi tó bá ti wù mí. Bàbá tó ń lu ìyáàlù dùndún fún wa á kàn dáwọ́ ìlù dúró.

"Ìyàwó, kí lo pàdánù?"

"Ọkọ mi ni, sà."

Ó ní ohun tóun ń gbọ́ kọ́ nìyẹn. Ó lù ú sí mi létí: re re re. "Ọkọ mi nìyẹn." Ó fún ọsán pọ̀ díẹ̀: re mí re. "Èyí tí ò ń sunkún rẹ̀ nìyí. Irin tí wọ́n fi ń kọ ebè."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn orin òyìnbó ló ń ṣíwájú, ọ̀rọ̀ Yorùbá á máa wọ́ tẹ̀ lé e. Ó ti pẹ́ tí etí wa ti gbà á. Etí àyàn kò gbà á, torí ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún. Bí wọ́n ṣe gbé òkú wọlé ni NẸ́PÀ mú iná lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé òkú ń sín. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, iná là sí mi lójú, àyà mi já, ọ̀nà ọ̀fun mi gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ tààrà. "Ọkọ́ mi o, ọkọ́ mi!"

Màmá kan níwájú ní, "Ṣé olè ló jí i ni?"

Ẹlòmíì ké láti ẹ̀yìn pé, "Lọ ra òmíràn ní Ọjà Ọba!"

Gbọ̀ngàn rọ́ fún ẹ̀rín. Òkú alára ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ.

Bàbá onílù kò wò mí. Ó kàn ń lù ú jẹ́jẹ́, re re re, bí ẹni pé bí wọ́n ṣe kọ eré náà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rí ohùn náà dì mú. Kò dùn tó sópúránò, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lásán. Àmọ́ ariwo rọlẹ̀. Màmá tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní, "Áà, ó mà ṣe o." Àwọn elégbè gbè é kí àsìkò wọn tó tó, kò sì sẹ́ni tó bá wọn wí.

Ìyá Ọlọ́kọ́ ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń bọ́ aṣọ eré, àtẹ̀jíṣẹ́ ọkọ mi wọlé sórí fóònù: "Oko re n duro nita." Kò fi àmì kankan sí i. Nígbà tí mo jáde, mo bi í pé èwo ló ní lọ́kàn. Ó ní kí n lọ bi onílù.