Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ, tábìlì anátọ́mì kan, báwo ni gbogbo wọn á ṣe lọ́wọ́ sí i?

Tábìlì Kẹta:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mẹ́jọ níbí ní Òṣogbo. Ọdún kejì ni gbogbo wọn wà. Tábìlì kan la ní, òkú kan tí wọ́n ń là kọ́ bí ara ṣe rí, wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni méjì péré ló fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Àwọn mẹ́fà tó kù káwọ́ gbera, formalin, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú rà, ń ta wọ́n lójú. Tí mo bá béèrè ìbéèrè, ọmọ kan náà ló ń dáhùn ṣáá. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, mo rojọ́ títí àkókò fi tó. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ó sì dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, brachial plexus ló kàn, àwọn nẹ́ẹ̀fù (okùn tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara) tó ti ọrùn wá, tó gba abẹ́ eegun tó so àyà mọ́ èjìká wọ abíyá, tó wá pín káàkiri apá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ni rí, tàbí tí wọ́n ti kọ́ yín rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọdún Kẹrin:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi. Olùkọ́ tí mo jàǹfààní rẹ̀ jù lọ, tó bá béèrè ìbéèrè, ó máa ń dákẹ́. Ó lè dákẹ́ pẹ́ títí ara á fi máa ni wá, kò sì ní dá a dáhùn fúnra rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀, kẹ́ ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú.

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì:
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ohun tó ṣe ọ́ yẹn ti ṣe èmi náà rí, ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó bọ́ nínú ẹ̀.

Rán ẹnì kan lọ sí Ọjà Ọba kó ra òwú aláwọ̀ márùn-ún. Ìlú aró la wà, a ò lè wá àwọ̀ tì. Kí wọ́n ṣẹ́ òwú kọ̀ọ̀kan po lọ́nà mẹ́rin kó lè ṣeé là. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣíwèé. Ẹni márùn-ún á di òwú mú, ọ̀kan C5, ọ̀kan C6, ọ̀kan C7, ọ̀kan C8, ọ̀kan T1: orúkọ gbòǹgbò márùn-ún tí àwọn nẹ́ẹ̀fù náà ti hù nìyẹn. C5 àti C6 á lọ́ tiwọn pọ̀. C7 á dá wà. C8 àti T1 á lọ́ tiwọn pọ̀. Márùn-ún ti di mẹ́ta nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn á wá là sí méjì, apá kan síwájú, apá kan sẹ́yìn, ó di mẹ́fà. Mẹ́ta tó kọjá sẹ́yìn á pàdé, wọ́n á di okùn kan. Nínú ti iwájú, ti òkè àti ti àárín á di okùn kejì, ti ìsàlẹ̀ á dá dúró bí okùn kẹta. Ẹni kẹfà ni kó máa so ó, ẹni keje á máa yà á sára bọ́ọ̀dù, ẹni kẹjọ á máa béèrè pé "kí ló dé?" ní gbogbo oríta.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣì í ni median, ọ̀kan nínú àwọn nẹ́ẹ̀fù ọwọ́, torí okùn méjì ló jọ bí i. Nígbà tí òwú méjèèjì bá pàdé níbẹ̀, wàá gbọ́ "ẹn-ẹ́n!" lẹ́nu wọn. Kí wọ́n sì wo okùn ẹ̀yìn dáadáa: àwọ̀ márààrún ló wà nínú ẹ̀. Inú ẹ̀ ni radial, nẹ́ẹ̀fù ẹ̀yìn apá, ti jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, fún ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní sísọ́ọ̀sì, kó gé C5 àti C6 níbi tí wọ́n ti pàdé. Béèrè pé kí ni apá ò ní lè ṣe mọ́. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó lọ bá òkú. Wọ́n á ti mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Agbẹ̀bí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ òwú gígé yẹn wọ̀ mí lára, torí mo ti gbé ọmọ tó rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Orí ti jáde, èjìká há, wọ́n sì fa orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù. Nígbà tí ọmọ ń ké, apá kan ń jù, èkejì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ìgbọ̀nwọ́ nà gbọọrọ, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sẹ́yìn. Ìyá ẹ̀ ń wojú mi. "Mọ̀mí, ṣé apá ọmọ mi ti kán ni?"

Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ṣe ìyá ọ̀hún, kí èkejì dá a lóhùn ní Yorùbá, láìmẹ́nu ba brachial plexus rárá. Kó sọ ohun tó fara pa, kó sọ ìdí tí ọwọ́ fi kọjú sẹ́yìn, kó sọ fún un pé ara ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń yá láàárín oṣù díẹ̀, àmọ́ kó tètè gbé e wá fún àyẹ̀wò. Yorùbá ni àwọn ìyá wọ̀nyí fi ń bi wá. Ó ń dùn mí tí dókítà kékeré bá dúró síwájú wọn tí ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ọmọ Aláró:
Ẹ má gbàgbé ara tiwọn náà. Kí kálukú fọwọ́ wá ẹ̀yìn eegun tó yọ gọngọ lápá inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ibi tó jẹ́ pé bó bá gbá ìlẹ̀kùn, ó máa ń ta wá dé ọmọńdinrín. Nẹ́ẹ̀fù ulnar nìyẹn. Kí wọ́n ki bébà sáàárín ìka ara wọn, kí ẹnì kejì fà á: ulnar, tó ti ọ̀dọ̀ C8 àti T1 wá, ló ń jẹ́ kí ìka dì í mú. Kí wọ́n gbé ọrùn ọwọ́ sókè: radial ló ń ṣe é. Ẹni tó bá gbé apá kọ́ ẹ̀yìn àga sùn mọ́jú lè jí kó má lè gbé ọrùn ọwọ́ mọ́.

Àwọn kan máa ń lé ẹni tí kò kàwé wá síta. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ gbé òwú lé e lọ́wọ́ kó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀bẹ Mímú:
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́nìkan kó fi di ọ̀bẹ mú, kó gbé e fún ẹlòmíràn, kódà bó bá wà láàárín iṣẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé. Kẹ́ ẹ tó ṣí aṣọ lára òkú, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn dákẹ́ díẹ̀ fún ẹni náà. Mo rí i pé ohùn wọn máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ wọn náà sì máa ń dẹ̀.

Tábìlì Kẹta:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ o. A ṣe é ní àná. Òwú lọ́ mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì, a tú u, a tún un ṣe. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ló di T1 mú. Mo fún un ní sísọ́ọ̀sì bí Bàbá ṣe wí, ó gé C5 àti C6. Ó wá wo òwú pupa tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Tí wọ́n bá gé tèmi ńkọ́?"

Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù, mo sì dákẹ́. Mo ka ẹẹ́wàá. Mo ti ń ka ìkọkànlá nígbà tí ẹnì kan mú bébà, ó ki í sáàárín ìka rẹ̀, ó ní kí wọ́n fà á.