Ẹ bá mi dá sí i: kátámáránì àlòkù yìí, ṣé kí n rà á?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ (Kent):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Odò Medway ni mo ti rí i. Kátámáránì onígbòkun ni, ọkọ̀ méjì tí wọ́n fi afárá so pọ̀ bí ìbejì. Gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 37, ọdún 1986 ni wọ́n ṣe é, £34,000 sì ni ẹni tó ni ín ń pè é. Mo ti ń bá ọ̀rẹ́ wa ọkọ̀ tirẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n n kò ra tèmi rí. Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ inú rẹ̀. Ilé ìdáná mọ́ tónítóní, tìmùtìmù tuntun ló wà níbẹ̀, ìyàwó mi sì ti ń pín yàrá fún àwọn ọmọ. Ohun méjì ló ń kọ mí lóminú. Ilẹ̀kùn yàrá apá òsì kò pa dé, ó ń ha férémù. Bí mo bá sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ òkè ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ìgbòkun, ó ń rọ̀ díẹ̀. Olówó ọkọ̀ ní ọjọ́ ogbó lásán ni, pé kí n san ìdá mẹ́wàá owó kó tó di Jímọ̀ torí ẹlòmíràn ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìlàjẹ:
Àbúrò, má tíì sanwó. Bàbá mi kan ọkọ̀ pákó létí omi Ìlàjẹ, òòlù ló fi ń mọ pákó tó ti jẹrà. Ọkọ̀ fáíbà (fiberglass) náà, bákan náà ni. Mú ìdí screwdriver, máa fi kàn án jẹ́jẹ́ yí ẹsẹ̀ òpó ká, má fo ibì kankan. Ibi tó dáa á dún kó, kó, kó. Ibi tí omi ti wọ̀ á dún bù, bí ìgbà téèyàn lu ẹ̀kọ tútù. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i kí o lè rí bó ṣe fẹ̀ tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ báyìí, igi balsa ni wọ́n kì sáàárín fáíbà méjì kó lè fúyẹ́. Ihò nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí wọn kò dí dáadáa ti tó fún omi láti wọlé, igi náà á sì dà bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì.

Ti ilẹ̀kùn yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ìgbì á máa ti apá ọ̀tún sókè, á máa fa apá òsì sílẹ̀. Afárá àti àwọn ògiri inú ló ń gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Bí ògiri bá ti ń já kúrò lára ọkọ̀, ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Kó ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù jáde, tan tọ́ọ̀ṣì síbi tí ògiri ti pàdé ara ọkọ̀. Bí o bá rí ibi tó là tín-ín-rín bí irun, tí ọ̀dà tuntun sì wà lórí rẹ̀, bi í pé ta ló kùn ún, kí ló ń bò.

Mẹkáníìkì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí olówó ọkọ̀ tó tan án. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti tan án kí ẹ tó dé nìyẹn, ó sì nídìí. Bí èéfín bá ní àwọ̀ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì. Bó bá jẹ́ saildrive ni, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ìdí ọkọ̀ kọjá sínú omi, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ńlá ibi tó ti gba ìdí ọkọ̀ kọjá. Ọdún méje ni Volvo Penta fi sí tiwọn. Bí rọ́bà yẹn bá ya, omi á ya wọlé.

Bàbá Àgbà:
Ẹ wo ìlà ọ̀dà ìdí rẹ̀ nígbà tó wà lómi. Bó bá ti rì sábẹ́ omi, ẹrù ti pọ̀ jù. Kátámáránì kò fẹ́ràn ẹrù.

Ìyá Ìbejì (Southampton):
Ẹ kú ìnáwó o. Ìdá mẹ́wàá kò burú, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é níbí, àmọ́ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹ ó gba owó yín padà bí surveyor, ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó rà á, bá rí àléébù ńlá. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá surveyor fúnra yín, kì í ṣe èyí tí olówó ọkọ̀ júwe. Ẹ béèrè pé ṣé ẹ́ńjìnnì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í fọwọ́ kan ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò náà á béèrè ọjọ́ orí àwọn wáyà tó di òpó mú. Tó bá ti lé lọ́dún 10, ẹ ṣírò owó tuntun mọ́ ọn.

Nípa ìwé: ìforúkọsílẹ̀ SSR (ìwé orúkọ àwọn ọkọ̀ kékeré níbí) kì í ṣe ẹ̀rí pé òun ló ni ọkọ̀. Ẹ gba ìwé tí wọ́n fi tà á fún un àti ẹ̀rí pé wọ́n ti san VAT. Bó bá wà lórí Part I, ìwé orúkọ ọkọ̀ tó ń fi ẹni tó ni ín hàn, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i bí gbèsè bá wà lórí rẹ̀. Kí ẹ sì tó ra ohun tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà níbùdókọ̀. Ọkọ mi kò béèrè. Ó di ìgbà tí wọ́n fún wa níwèé owó kí ó tó mọ̀ pé ọkọ̀ wa gba ààyè ọkọ̀ kan àti ààbọ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ (Kent):
Ẹ ṣeun gan-an. Mo padà lọ, mo lù ú. Ibi tó dún bù fẹ̀ tó ilẹ̀kùn fíríìjì kékeré. Ẹ́ńjìnnì tutù, ìyẹn dáa. N kò rí ibi tó là nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n wọ́n ti kan pákó tuntun bo apá kan, n kò lè ríran kọjá rẹ̀. Mo ní màá san owó gbígbé e jáde lómi kí surveyor yẹ̀ ẹ́ wò. Olówó ọkọ̀ ní ẹni kejì kò béèrè ìyẹn. Mo ní kó tà á fún un. Jímọ̀ kọjá. Láàárọ̀ yìí ló pè mí: Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ń jáde lómi, òun sì máa ṣí pákó yẹn. Ìyàwó mi ṣì ń bi mí bóyá kí òun ra aṣọ ibùsùn.