Búngálò Kipling ní Mumbai: ohun tí àkọlé ń wí, ohun tí ilé ń wí

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin CSMT ní Mumbai kò nílò ọkọ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Sir J. J.; ẹsẹ̀ tó o. Nínú ọgbà náà, lábẹ́ igi, ilé aláwọ̀ ewé kan wà tí wọ́n fi òkúta àti pákó kọ́. Ère orí Rudyard Kipling, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wà níbẹ̀, àkọlé sì ní ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 30 December 1865.

Àkọlé yẹn ló ń ṣi àlejò lọ́nà. Ẹ fi ọdún wé ọdún. 1865 ni Lockwood Kipling, bàbá rẹ̀, dé Bombay (orúkọ Mumbai nígbà náà) láti wá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ère ara ilé. 1871 ni wọ́n mú Rudyard lọ sílùú ọba, ọmọ ọdún márùn-ún. 1875 ni bàbá rẹ̀ kó lọ sí Lahore. Ilé aláwọ̀ ewé yìí ńkọ́? 1882. Ilé tí wọ́n bí ọmọ sí ti lọ tipẹ́. Ilé ọ̀gá àgbà iléèwé lèyí tó dúró yìí.

———

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ òkè yìí. Ẹ̀rí mìíràn tún wà pé ilé yìí kọ́ ni wọ́n bí Kipling sí. 1853 ni Jamsetjee Jejeebhoy, oníṣòwò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe iléèwé náà, fi 100,000 rúpíì sílẹ̀ fún iléèwé náà, 1857 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n 1878 ni wọ́n tó kó sínú ilé tiwọn. Búngálò náà wá tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì jẹ́ kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí búngálò náà ní yà yín lẹ́nu. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé tó bá ti ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í ṣe búngálò mọ́. Ní Íńdíà tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, "ti Bengal" ló túmọ̀ sí: ilé abúlé tí koríko bo orí rẹ̀, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta. Àwọn òyìnbó gbà á, wọ́n wá ń pe ilé tó dá dúró nínú ọgbà tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó báà lókè, ó báà má ní.

———

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀, torí òjò Mumbai kì í ṣeré. June sí September ni, ó sì máa ń ju 2,000 mìlímítà lọ lọ́dún.

Ìsàlẹ̀ òpó igi, níbi tó ti jókòó lé òkúta, ni jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà á ṣì máa dán lókè. Ẹ mú ìṣó gígùn, ẹ fi tì í láti ilẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún. Tó bá wọlé bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ tútù, ó ti bàjẹ́. Káfíńtà á gé e dé ibi tí igi ti le gan-an, á fi irú igi kan náà lẹ̀ ẹ́, ní dàgẹ̀rẹ̀, kí gígùn ojú ìlẹ̀ náà tó ìlọ́po mẹ́ta ìbú òpó, kí ìṣàn omi sì kọjú síta. Àwọn tó ń rọ sìmẹ́ǹtì sínú ihò igi ń sin omi mọ́ ọn ni.

Ti igi nìyẹn. Ó ku ti ògiri. Ẹfun jíjó tí àwọn bíríkìlà ń pè ní láìmù ni wọ́n fi ń lẹ òkúta ìgbà yẹn. Omi á wọ inú rẹ̀, á tún gba ibẹ̀ jáde. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀, omi kò ní rí ọ̀nà, á gba ara òkúta, ojú òkúta á máa ṣí bí èèpá. Ìwọ̀n kan láìmù sí mẹ́ta yanrìn tó rí ṣákaṣàka. Láìmù náà ti ní láti wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má jẹ́ kí ìpele kan ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ẹ máa wọ́n omi sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn òjò, láti October, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

———

Àfikún lórí ọ̀dà: ẹ má fi iná jó o kúrò o. Òjé máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́, èéfín rẹ̀ léwu. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ tó ha á. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àwọ̀ àkọ́kọ́, abẹ́ etí òrùlé ni kí ẹ ti ha á, níbi tí oòrùn kò dé, ní ìpele-ìpele.

———

Nígbà tí wọ́n ń gbèrò láti sọ búngálò náà di ilé ìfihàn, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán iléèwé náà ni wọ́n fẹ́ kó sínú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ará Íńdíà ka Rudyard Kipling sí agbátẹrù ìjọba àmúnisìn. Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ Kipling bàbá, kó rìn dé ọjà Crawford, nítòsí ibẹ̀, kó gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbẹ̀ tó gbẹ́ sára òkúta ṣì wà níbẹ̀.