Wọ́n rọ íńkì sí pírintà mi tán, ó kọ̀ jálẹ̀. Ṣé kí n gbé ọmọ yìí lọ bá Mágàjí?

Ìyá Rọ̀fíátù, Òkè-Òdó
Àsàlámù àlékùn ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ àárọ̀ mi ṣì wà nínú abọ́. Mo ní pírintà kékeré kan nílé tí mo fi ń tẹ ìdánwò fún ilé-kéwú kan àti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ládùúgbò wa. Ọjọ́ Àtìní ni ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àlàrùba, mo pe ọmọ kan tó ń bá àwọn èèyàn rọ íńkì sí kátíríìjì. Mo mọ ìyá ẹ̀, èmi ni mo se ọbẹ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ẹ̀!

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yìí fojú mi rí. Ẹ̀gbẹ́ ẹní ìkírun mi ló jókòó sí, ó da ẹrù ẹ̀ sílẹ̀. Ẹní tí ìyá ọkọ mi rà bọ̀ láti Mẹ́kà! Ó ní òun tẹ́ ìwé ìròyìn. Ìwé ìròyìn wo? Íńkì búlúù ta sí i. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó dúró síbẹ̀ bí ilà ojú. Ó gba 5,000 náírà lọ́wọ́ mi. Bó ṣe lọ tán ni mo tan ẹ̀rọ, iná kan wá ń ṣẹ́jú sí mi, kò tẹ nǹkan kan. Mo pe ọmọ yìí padà, ó ní íńkì òun dáa. Ó dáa kẹ̀! Ọkọ mi ní owó ń yọ mí lọ́wọ́ ni. Mo ti gba àpò irinṣẹ́ ọmọ náà, ó wà lórí fíríìjì, ibẹ̀ ló sì máa wà títí tó fi máa dá owó mi padà, kó sì san owó ẹní. Ṣé kí n fi ẹjọ́ ẹ̀ sun Mágàjí ni, àbí kí n ra kátíríìjì tuntun? Ẹ má bú mi o, ohun tó wà nílẹ̀ ti tó mi.

Kafé Tánkè
Ẹ kú ìnira, màámi. Irú pírintà wo ni? Nọ́ńbà wo ló wà lára kátíríìjì ẹ̀? Kí ló ń kọ sójú nígbà tí iná yẹn ń ṣẹ́jú? Bí a ò bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ńṣe là ń dífá láìní ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Mọ́ríyámọ̀ Alákàrà
Ìyá Rọ̀fíátù, tèmi le ju tiyín lọ. Nígbà ọyẹ́ èṣín, mo lọ bá àbúrò mi wẹ ọmọ ní Ìwó, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Kí n tó dé, ẹnu kátíríìjì ti gan bíi pánla. Ẹnì kan ní kí n fi omi gbígbóná sí i. Mo gbé omi kaná bí ẹni fẹ́ ro àmàlà, mo sọ ọ́ sínú ẹ̀. Kò fọhùn mọ́ títí dòní. Ìgbà tó bàjẹ́ tán ni wọ́n tó wá ń sọ fún mi pé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, pé tíṣù ni wọ́n ń fi rin, wọ́n á wá gbé ẹnu ẹ̀ nìkan lé e. Bí Ìyá Sàdíà bá wà níbí, kó rántí owó àkàrà mi.

Àlàájì Gẹ̀rí-Àlímì
Gbogbo ẹ̀yin oníńkì yìí, ẹ̀ ń fìyà jẹ ara yín ni. Ẹ ra pírintà lésà. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní tónà ló ń lò dípò íńkì, kì í gbẹ, ẹ lè gbé e jù sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ẹ padà wá bá a bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ohun kejì: kí ni àpò irinṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ń wá lórí fíríìjì yín? Ohun tó fi ń jẹun nìyẹn!

Ìyá Rọ̀fíátù
Àlàájì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ ò tíì rí ẹní yẹn ni. Ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò ẹ̀ fún yín. Èmi náà ò ní nǹkan mìíràn tí mo fi ń jẹun.

Kafé Tánkè
Fọ́tò ojú pírintà là ń wá, màámi, ẹ fi ti ẹní sílẹ̀ ná.

Ọmọ Àgbàjì
Ẹ di bọ́tìnnì róbótó tó ní igun mẹ́ta nínú mú fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ó tán.

Kafé Tánkè
Pírintà Canon lò ń sọ yẹn. Ó kàn máa sọ fún un pé kó yéé ka íńkì ni. Ìyá ò tíì sọ irú èyí tí tiwọn jẹ́.

Ọmọ Àgbàjì
Ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Kafé Tánkè
Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Bó o bá di irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ mú lára òmíràn, ohun mìíràn pátápátá ló máa ṣe fún ọ.

Bàbá Kékeré, Òfà
Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe lẹ́bàá Pólì Òfà. Kátíríìjì kéékèèké tó jẹ́ pé ara òun fúnra ẹ̀ ni ẹnu tó ń tẹ̀wé wà, fóòmù ló wà nínú ẹ̀, bíi ti inú tìmùtìmù. Íńkì kì í dá dúró nínú ẹ̀ bí omi inú kẹ́ẹ̀gì, fóòmù ló ń mu ún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń rọ ọ́ fi gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Èmi kì í jẹ́ kí dúdú ju 5 ml lọ. Àwọ̀ mẹ́ta tó wà nínú kátíríìjì kejì, 2 ml, 2 ml, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rọ ọmọ tuntun lágbo. Bẹ́ ẹ bá kánjú, àwọ̀ iyeyè á wọnú pupa, pupa á wọnú búlúù, gbogbo ẹ̀ á dọ̀kan bí ẹrẹ̀. Kí abẹ́rẹ́ mi tó wọ ihò kan, igi tí a fi ń tayín ni mo máa ń kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́ láti wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀, torí bí wọ́n ṣe tò ó lára ọ̀kan kọ́ ni wọ́n ṣe tò ó lára òmíràn. Dúdú kì í tún ṣe irú kan. Èyí tó ní ìyẹ̀fun nínú wà, èyí tó dà bí omi aró wà. Bẹ́ ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, á lẹ̀ mọ́ra wọn, á sì dí ẹnu ẹ̀ pa.

Ìyá wa, ẹ yọ kátíríìjì méjèèjì. Ẹ ká tíṣù sí méjì, ẹ gbé ẹnu wọn lé e jẹ́jẹ́, ẹ má fi nù ún o, ẹ kàn gbé e lé e. Kí lẹ rí?

Mọ́ríyámọ̀ Alákàrà
Àti pé kẹ́ ẹ máa tẹ ìwé aláwọ̀ kan ó kéré tán lọ́sẹ̀, kó má baà gbẹ. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn nígbà tó ti pẹ́ jù.

Ìyá Rọ̀fíátù
Iná lọ, ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn. Mo ti ṣe ti tíṣù. Dúdú yọ dúdú kirikiri. Èkejì fa ìlà mẹ́ta, iyeyè, pupa, búlúù, ó mọ́ tónítóní, wọn ò wọnú ara wọn. Ó tiẹ̀ dùn ún wò. Àmọ́ kò ṣáà tẹ̀wé! Kódà fọ́tókọ́pì kò ṣe. Kò gbẹ o, mi ò kì í gbé e jù sílẹ̀, lójoojúmọ́ ni mò ń tẹ nǹkan. Ẹ̀rọ tuntun ni, àbúrò ọkọ mi ló gbé e wá láti Texas nígbà tó wá ṣe Iléyá.

Sísítà Omù-Àrán
Texas! Iná 120 ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Ẹ kì í bọ́ ọ sí tiwa. Ó ti jó.

Kafé Tánkè
Bó bá ti jó, ta ló wá ń ṣẹ́jú sí wọn? Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Bẹ́ ẹ bá rí 100-240 níbi tí wáyà ti wọlé, kò sí wàhálà iná ńbẹ̀. Ó kúkú ti ń ṣiṣẹ́ láti Iléyá.

Sísítà Omù-Àrán
Mo kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí áyọ́ọ̀nù mi ni. Ẹ má kanra.

Bàbá Kékeré, Òfà
Ìyá wa, bí íńkì bá yọ bẹ́ẹ̀ lórí tíṣù, ọwọ́ ọmọ yẹn mọ́. Kò da àwọ̀ pọ̀, kò dí i lẹ́nu. Iṣẹ́ tó dáa ló ṣe fún yín. Nǹkan mìíràn ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń kọ sójú?

Ìyá Rọ̀fíátù
Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ kẹ̀! Ẹní ìkírun mi ńkọ́?

HP ni wọ́n kọ sára pírintà náà. Ojú ẹ̀ kékeré, lẹ́tà E kan ló wà ńbẹ̀. Orí fóònù mi ni ìwé gígùn ti máa ń jáde. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa account, pé kí n lọ wo account, pé owó kan kò wọlé. Mo mọ irú ẹ̀. Àwọn ọmọ Yahoo ni. Láti bí ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́, bó bá ṣe yọjú báyìí ni mò ń pa á rẹ́. Mi ò lè fi nọ́ńbà báńkì mi sínú ìtẹ̀wé.

Kafé Tánkè
Ha! Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Bàbá Kékeré, Òfà
Màámi, kátíríìjì tó wà nínú ẹ̀, ṣé ṣọ́ọ̀bù ni àbúrò ọkọ yín ti rà á, àbí ilé-iṣẹ́ tó ṣe pírintà ló ń fi í ránṣẹ́ sí i nílé? Ẹ tún wo bébà orí kátíríìjì, bóyá wọ́n kọ ọ́ sí i pé ti àwọn tó ń san owó oṣooṣù ni.

Ìyá Rọ̀fíátù
Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké kan sí i, ọmọ yẹn ti ṣí apá kan bébà náà kúrò. Àbúrò ọkọ mi ní wọ́n máa ń fi páálí kékeré gbé e wá fún òun lẹ́nu ọ̀nà, pé kí n ṣáà máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù mi so ó, kí n má pa á. Mo rò pé torí kí n lè máa tẹ̀wé láti orí fóònù ni.

Kafé Tánkè
Ẹ ò ra íńkì yẹn, màámi, ẹ háyà ẹ̀ ni. Iye ojú ewé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lóṣù ni wọ́n ń ka owó lé lórí. Kò kan bí íńkì tí ẹ lò ṣe pọ̀ tó. Ó dà bíi kẹ́ ẹ gba gáàsì lọ́wọ́ ẹnì kan, kó máa ka iye ìkòkò tẹ́ ẹ gbé kaná. Íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n fi ń kà á. Bí káàdì tí wọ́n ń yọ owó lára ẹ̀ bá dáwọ́ dúró, wọ́n á ti kátíríìjì pa láti ọ̀hún, ì báà kún dé ẹnu. Ṣíìpù kékeré ló wà lára ẹ̀, òun ni pírintà ń bá sọ̀rọ̀. Kò béèrè bóyá íńkì wà nínú ẹ̀.

Àlàájì Gẹ̀rí-Àlímì
Ẹ̀rọ wà nílé mi, èmi ni mò ń fún un níná, kí ẹnì kan wá di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mú ní Amẹ́ríkà? Ẹ wò ó, ẹ ra lésà.

Ọmọ Àgbàjì
Nítorí náà bọ́tìnnì yẹn ò ní ṣiṣẹ́?

Kafé Tánkè
Bọ́tìnnì yẹn ò ní ṣiṣẹ́, bọ̀ọ̀dá.

Bàbá Kékeré, Òfà
Ọ̀nà méjì ló wà. Kí àbúrò ọkọ yín tún káàdì ẹ̀ ṣe, á ṣí láàárín ìgbà díẹ̀ tí ẹ bá ti so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Tàbí kẹ́ ẹ ra kátíríìjì gidi ti ṣọ́ọ̀bù, èyí tí kò sí lábẹ́ owó oṣooṣù. Àmọ́ ẹ má sáré lọ sí títì Táíwò lọ rà á o! Ilé-iṣẹ́ náà ń pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn. Nọ́ńbà tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà fún wa níbí, pírintà ọ̀hún sì lè kọ tiwa. Ẹ wò ó bóyá lẹ́tà e kékeré wà ní ìparí orúkọ pírintà yín. Bó bá wà ńbẹ̀, tí àbúrò ọkọ yín sì gbà sí àdéhùn wọn nígbà tó ń tò ó, kò ní gba ayédèrú rárá, ti ilé-iṣẹ́ náà nìkan ló máa máa gbà.

Ìyá Rọ̀fíátù
Lẹ́tà e wà ńbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Èmi àti àbúrò ọkọ mi ò ní ìjà. Àmọ́ òun àti ọkọ mi ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lórí ilé bàbá wọn ní Ìdí-Àpẹ, ọ̀rọ̀ yàrá méjì tó kọjú sí títì. Wọ́n ti bú ara wọn lórí WhatsApp lójú gbogbo ẹbí. Mi ò mọ̀ pé ó máa ti ibẹ̀ dé orí kátíríìjì mi.

Mọ́ríyámọ̀ Alákàrà
Yéè! Ó yọ káàdì.

Àlàájì Gẹ̀rí-Àlímì
Ẹ wá gbé ọmọ tó wá rọ íńkì lọ bá Mágàjí.

Ìyá Rọ̀fíátù
Mi ò tíì gbé e lọ. Ìbéèrè ni mo bi yín. Ọmọ yẹn tiẹ̀ sọ lọ́jọ́ yẹn pé òun ò rí irú kátíríìjì yìí rí, pé kí n jẹ́ kí òun béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun ná. Èmi ni mo ní kó rọ ọ́, pé ìdánwò ò ní dúró dè é. Àmọ́ ṣé torí ìyẹn ló ṣe yẹ kó ta íńkì sí ẹní?

Sísítà Omù-Àrán
Ẹ rọra, ìyá. Ẹ fi ọtí ìfọwọ́ rin òwú, kẹ́ ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ́ ọ. Mo yọ íńkì lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi bẹ́ẹ̀. Kò lọ tán, àmọ́ ó ṣá.

Bàbá Kékeré, Òfà
Ìdánwò ọjọ́ Àtìní ló ṣe pàtàkì báyìí. Ẹ máa rí àbúrò ọkọ yín bá sọ̀rọ̀, àmọ́ kò lè jẹ́ lónìí.

Kafé Tánkè
Ẹ kó iṣẹ́ náà wá, pírintà onítáǹkì ni tèmi, ìgò ni mò ń bù sí i, kò sí ẹni tó ń ti mí pa. Ojú ewé mélòó ni?

Ìyá Rọ̀fíátù
Ọmọ 86, ojú ewé mẹ́ta-mẹ́ta. 258.

Kafé Tánkè
50 náírà lójú ewé kan.

Ìyá Rọ̀fíátù
50! Ọmọ kéwú ni o, kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Ẹ gbà á ní 30.

Kafé Tánkè
Bébà wà nínú ẹ̀, màámi. Mo sì ra íńkì mi ni, àbúrò ọkọ kankan ò fi ránṣẹ́ sí mi. 45.

Ìyá Rọ̀fíátù
40. Rọ̀fíátù ló máa gbé fíláàṣì wá lẹ́yìn ìrun àlàásàrí. Ó máa kọ́kọ́ yà sílé ìyá ọmọ yẹn lọ gbé àpò ẹ̀ fún un. Ẹ má tíì sọ̀rọ̀, Àlàájì, mo ti sọ ọ́ kalẹ̀ látorí fíríìjì. Ti ẹní, èmi àti ìyá ẹ̀ máa sọ ọ́.