Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nílé ìyá yín

Ìyá Démiládé (Manchester): Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Nígbà tí a dábẹ́ fún ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Nílé ìwòsàn wọ́n ní hemofíláyà A ni: factor VIII, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, kò tó lára rẹ̀. Dókítà wá bi mí pé, ọkùnrin wo nílé ìyá mi ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá? N kò mọ èsì. Mo pe màmá mi ní Ìsánlú lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní àwọn ní àbúrò ọkùnrin kan tó kú ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dábẹ́ fún un. Olóòlà ni gbogbo ilé dá lẹ́bi, wọn ò sì dárúkọ ọmọ náà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ilé kí ẹ tó bímọ síbí.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun (Houston): Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Démiládé. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń ṣe. Jíìnì F8 ni ara fi ń ṣe factor VIII. Orí kúrómósóómù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn tó ń gbé jíìnì, ló wà. Ọkùnrin ní X kan ṣoṣo, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á. Obìnrin ní méjì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì ń gbé e dúró, obìnrin náà sì lè gbé jíìnì tó bàjẹ́ kiri láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ilé ìyá. Bí ilé bá ní àwọn ò rí ẹnì kankan, ẹ má bá wọn jà: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní àrùn yìí ló jẹ́ pé jíìnì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà ni.

Ẹ béèrè àwọn obìnrin náà: ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá nígbà tó yọ eyín. Ó lè jẹ́ àrùn von Willebrand, àrùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dáadáa; tọkùnrin tobìnrin ló ń mú. Ẹ má fún ọmọ ní aspirin tàbí ibuprofen láìbi dókítà. Bí ẹ bá ń lọ ilé, inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn rẹ̀ wà, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà.

Kẹ́mi (Dublin): Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní hemofíláyà A. Wọ́n yẹ factor VIII tèmi wò, ó pé. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Kò tíì yá, àbúrò mi. Ó lè pé lára ẹni tó gbé jíìnì náà. Jíìnì fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Gba èsì àyẹ̀wò jíìnì ẹ̀gbọ́n rẹ dání, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa wò gan-an.

Ìyá Démiládé: Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kàbà ti lóyún oṣù márùn-ún. Mo ti sọ gbogbo èyí fún un lórí fóònù. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń lọ sọ fún dókítà rẹ̀.