Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi owó àjọ ra ẹ̀rọ gémù PS5 nítorí gémù GTA VI tó ń bọ̀?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù gémù kékeré kan ní Muṣin, kò jìnnà sí ọjà Ojúwòyè. PS4 méjì ni mo fi ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú TV méjì àti I-better-pass-my-neighbour kan fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá jù níbẹ̀. ₦200 ni match kan. Ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó, ẹni tó borí á jókòó de ẹlòmíì. Ọjà kì í ṣe búburú, pàápàá lọ́sàn-án Sátidé.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé fídíò gémù GTA VI (Grand Theft Auto) jáde, àwọn ọmọ àdúgbò ò jẹ́ kí n sinmi. "Bọ̀ọ́dá, ṣé ẹ máa ní i? Bọ̀ọ́dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká lọ gbá a níbòmíì o." Wọ́n kọ́kọ́ ní 2025 ló ń jáde, wọ́n sún un sí ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2026, wọ́n tún wá sún un sí ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá 2026. PS5 àti Xbox Series nìkan ni wọ́n ní ó wà fún. PS4 ò sí níbẹ̀ rárá.

Àjọ tí mò ń dá máa kàn mí lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ fi ra PS5 tòkunbọ̀ kan sílẹ̀ báyìí, torí mo mọ̀ pé tí gémù yẹn bá kù sí dẹ̀dẹ̀, owó ẹ̀ máa gbéra. Ìyàwó mi ní kí n fi san owó ilé, ó ti ń sún mọ́. Ẹnì kan sì tún ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí àdúgbò kejì, PS5 ló kó síbẹ̀, mo sì ti rí méjì nínú àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ń jáde níbẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Bàríga: Ẹ rà á, ẹ̀gbọ́n! 2013 ni GTA V jáde o. Ẹ̀yin náà ẹ wo bó ti pẹ́ tó tá a ti ń retí èyí. Ọjọ́ tó bá dé, ṣọ́ọ̀bù yín ò ní gba èèyàn.

Bàbá Gémù Ṣómólú: Ọmọ Bàríga, ìwọ gan-an lo máa wá dúró sẹ́yìn ẹni tó ń gbá a láti àárọ̀ dalẹ́, o ò sì ní mú kọ́bọ̀ jáde.

Àbúrò mi ará Muṣin, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bọ́ọ̀lù, páàdì méjì ni, èèyàn méjì, àwọn mẹ́rin mìíràn á wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń retí ẹni tó máa jábọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe half kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, tẹ́ ẹ sì ro àsìkò tí wọ́n fi ń jà lórí ta ló máa mú Madrid mọ́ ọn, match márùn-ún á wọlé ní wákàtí kan. ₦1,000 nìyẹn lórí ẹ̀rọ kan. GTA ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbá a. Mission lẹ́yìn mission ni, kò sí ìgbà tí wọ́n máa fọn fèrè pé ó tó, ó yá, dìde. Àwọn tó dúró lẹ́yìn ò ní ohun tí wọ́n ń dúró dè, ìran ni wọ́n ń wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ wo ló máa ya ₦1,000 sílẹ̀ fún wákàtí kan ní Muṣin lójoojúmọ́? Tí ẹ bá sì gbà á ní ₦500, ẹ ti fi ìdajì owó bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó wọ́n ju PS4 lọ.

Ọ̀rọ̀ save, ìyẹn fífi ibi tí èèyàn gbá gémù dé pamọ́, náà tún wà ńbẹ̀. Nígbà tí GTA San Andreas jáde ní 2004, mo ní i lórí PS2. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní memory card tiẹ̀ nínú àpò, wọ́n á kọ cheat sẹ́yìn ìwé ìṣirò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, táńkì ológun á yọ lójijì sójú títì, ilé á ho yèè. Ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá ti save lé ti ẹlòmíì lórí, ìjà dé nìyẹn, mo sì máa fọwọ́ ara mi dá owó padà. Winning Eleven, gémù bọ́ọ̀lù, ló san owó ṣọ́ọ̀bù mi láyé ìgbà yẹn. San Andreas kan ń mú ariwo wá ni.

Ní tèmi o, ẹ fi GTA sílẹ̀. Tí owó bá wà lọ́wọ́, ẹ ra PS4 kẹta.

Ìyá Ìbejì Ìdí-Àràbà: Èmi ò mọ PS kankan, àwọn ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n GTA V, wọ́n kọ 18 gàdàgbà sí ara páálí ẹ̀, ọmọ JSS 2 ni mo sì bá nídìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ìbọn, obìnrin tó ń bọ́ra sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ lojú títì! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbé èyí tuntun wá, ẹ mọ̀ pé àwa ìyá náà ń kọjá o. Ẹ ò ní sọ pé a ò sọ fún yín.

Bàbá Gémù Ṣómólú: Màmá, ẹ kú àánú ọmọ. Òótọ́ lẹ sọ. Kódà, ẹni tó bá máa gbé e wá gbọ́dọ̀ yí TV kúrò lójú ọ̀nà, kó sì máa lé àwọn kékeré jáde. Àwọn kékeré yẹn ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà wa.

Alákọkà: Ọ̀rọ̀ GTA tí Bàbá Gémù sọ, mo fara mọ́ ọn pátápátá. PS4 kẹta yẹn ni mi ò gbà.

Ẹ̀gbẹ́ Unilag ni ṣọ́ọ̀bù tèmi wà. ₦400 ni mò ń gbà lórí PS5, ₦200 lórí PS4, bẹ́ẹ̀ ìdí PS5 ni wọ́n ń tò sí. Ẹ máa rí PS4 tó ṣófo, àwọn géńdé mẹ́fà á sì wà lórí bẹ́ǹṣì kan tí wọ́n ń retí PS5. Kì í ṣe fáàrí lásán. Láti FIFA 22 ni bọ́ọ̀lù orí PS5 àti ti PS4 ti yàtọ̀ síra. Ohun tí wọ́n ń pè ní HyperMotion, tí wọ́n fi ṣẹ̀dà bí àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi ṣe ń sáré tí wọ́n ń yí ara, PS4 ò ní i. Ẹni tó bá ti gbá ti PS5 fún ìgbà díẹ̀, tó bá padà sórí PS4, á ní àwọn player ń rìn bí igi.

Ṣùgbọ́n Muṣin kì í ṣe Akọka ṣá. Àwọn oníbàárà tèmi ń gba owó oúnjẹ láti ilé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn méjì tẹ́ ẹ rí tí wọ́n lọ sí ti ẹnì kejì yẹn: èló ló ń gbà? Ṣé wọ́n máa ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, àbí wọ́n kàn lọ wòran? Èsì ìyẹn wúlò fún yín ju gbogbo ohun tá à ń sọ níbí lọ.

Ẹni tó ni ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, Bàbá Gémù, ẹ ṣé, Alákọkà. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn lánàá. Ó ní ₦300 ni, ó ní ó dára, àmọ́ òun ò lè máa san án lójoojúmọ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí báyìí ni pé lọ́jọ́ kan, EA, àwọn tó ń ṣe gémù bọ́ọ̀lù FIFA tó ti di FC báyìí, máa sọ pé FC tuntun ò sí fún PS4 mọ́. Kí ni màá wá ṣe nígbà yẹn?

Bàbá Gémù Ṣómólú: Ọjọ́ yẹn máa dé, kò sírọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí EA ṣe ń ṣe láti ẹ̀yìn wá. 2000 ni PS2 jáde, síbẹ̀ wọ́n ṣe FIFA 14 fún un ní 2013, ọdún tí PS4 gan-an jáde. PS3 jáde ní 2006, wọ́n ń ṣe é fún un títí dé FIFA 19 ní 2018. FC 26 tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ó wà lórí PS4. Ibi tí èèyàn bá ṣì pọ̀ sí, EA ò ní tètè fi owó ibẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì dá a dúró lónìí, díìsì tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ ò ní kú. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi gbá FIFA kan náà fún bí ọdún mẹ́ta nígbà kan, orúkọ àwọn player nìkan ni wọ́n ń ráhùn lé lórí.

Wáyà Ọ̀ṣòdì: Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ iná. PS5 tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lè jẹ bíi 200 watt, ká pe òun pẹ̀lú TV ní 300. Wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀ ló máa fi jẹ unit kan. Lórí Band A, unit kan ti lé ní ₦200 láti 2024. Ìyẹn ò burú tó bá jẹ́ iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. PS4 méjì, TV méjì, fáànù, kẹ́ ẹ wá tún gbé PS5 lé e? Á máa mí hẹlẹhẹlẹ ni, iná á máa lọ sókè sódò, power supply PS5 sì ni á kọ́kọ́ fara gbá a. Ẹ ra stabilizer, tàbí kẹ́ ẹ pa PS4 kan nígbà tí PS5 bá ń ṣiṣẹ́.

Aláròóbọ̀ Alábà: Lórí pé owó ẹ̀ máa gbéra: ó lè gbéra lóòótọ́, àmọ́ dọ́là lẹ máa wò jù, kì í ṣe GTA. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023 la ti ń rí i. Sony fúnra ẹ̀ fi $50 lé owó PS5 ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ 2025. Ẹ má jẹ́ kí oníṣọ̀ọ́bù kankan fi "GTA ń bọ̀" lé yín níré.

Ẹ̀gbọ́n Soldering, Ìkẹjà: Iṣẹ́ mi nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá máa ra tòkunbọ̀, ẹ má sanwó láì tan án.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ihò HDMI. Tí pin kan bá ti tẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ rí àmì ooru iron lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ti tún un ṣe rí. Ẹ fi díìsì sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tó ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ fetí sí fáànù. Ẹ so ó mọ́ wáìfáì, kẹ́ ẹ wọlé pẹ̀lú account, torí èyí tí Sony bá ti fòfin dè, ó máa tàn dáadáa níwájú yín, kò kàn ní wọ PSN, ìkànnì Sony lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láéláé. Ẹ tún wò ó bóyá ó ní ojú díìsì. Digital Edition àti PS5 Pro ò ní in, ṣọ́ọ̀bù gémù sì nílò díìsì: ẹ lè tà á, ẹ lè fi ṣe pààrọ̀. Orílẹ̀-èdè wa ò sí lára àwọn tí PSN gbà, account Amẹ́ríkà tàbí ti UK ni gbogbo wa ń lò, káàdì la fi ń ra gémù. Àwọn ọmọ tó ń ta account olówó pọ́ọ́kú lórí WhatsApp, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbà á padà.

PS5 àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 2020, bọ́ọ̀dù ojú díìsì ẹ̀ ti so mọ́ motherboard ẹ̀. Tó bá bàjẹ́, ẹ ò lè yọ ti ẹ̀rọ mìíràn fi sí i bẹ́ẹ̀. Ti PS5 Slim, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde lẹ́yìn ẹ̀, ṣe é yọ, ṣùgbọ́n ó máa fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá fi tuntun sí i.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í rò: páàdì PS4 yín ò ní gbá gémù PS5. Ó máa so mọ́ ọn o, àmọ́ gémù PS4 nìkan ló máa gbá lórí ẹ̀. Nítorí náà, páàdì PS5 méjì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yín, nínú ṣọ́ọ̀bù gémù sì rèé, tí gbogbo ọmọ ń fi ìbínú tẹ analog. Kò ní pẹ́ tí player á fi máa dá rìn lọ sápá òsì láìsẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Páàdì ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kó wá sọ́dọ̀ mi, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Bàríga: Ẹ̀gbọ́n Soldering ti bà mí nínú jẹ́ 😂

Ẹni tó ni ìbéèrè: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Owó ilé ni màá kọ́kọ́ yọ, ìyàwó mi ti ka gbogbo èyí. Ohun tó bá ṣẹ́kù, tó bá ká PS5 tó lójú díìsì pẹ̀lú páàdì méjì, màá rà á fún bọ́ọ̀lù, ₦300. Tí ò bá ká a, PS4 kẹta. GTA, kí àwọn tó ń ṣe é kọ́kọ́ gbé e jáde ná. Ẹ̀gbọ́n Soldering, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè gbé ẹ̀rọ náà wá kẹ́ ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó?

Ẹ̀gbọ́n Soldering, Ìkẹjà: Ẹ gbé e wá, Otigba ni mo wà, àmọ́ kó má jẹ́ Sátidé, ẹ ò ní ráyè dúró. Ẹ mú díìsì FC kan àti wáyà HDMI tó dáa dání. Kí ẹni tó ń tà á sì bá yín wá. Tó bá ní òun ò lè wá, ẹ má rà á.